Ta Ló Ń Pa Iná Ọkọ̀ Oyèbánjí?

Láti ìgbà tí Elédùmarè ti fi iná pamọ́ sínú òkúta àti sínú igi gbígbẹ ni iná ti jẹ́ ìránṣẹ́ tí ń bọ́ aṣọ kan wọ òmíràn. Ó bá àwọn baba wa gbé nínú àdògán, ó ń rú èéfín kí wọ́n lè mọ ibi tí ó wà. Ó wọ inú àtùpà, ó ń rùn. Ó wọ inú gáàsì, ó ń súfèé. Ṣùgbọ́n ní ayé tiwa yìí, ó ti kọ́ bí a ti ń rìn nínú wáyà láìfọhùn, láìrú èéfín. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọkàn ọmọ ènìyàn rí: ohun tí kò bá rí, kì í gbà pé òun kò rí i, ojú ẹni tí ó mọ̀ ni yóò wá, tí yóò sì gbé wọ ohun náà.

Èyí ni ó ṣẹlẹ̀ sí Oyèbánjí ní Becontree Heath, nílùú òyìnbó. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, àgbà nínú ìjọ Aládúrà, awakọ̀ tí ń fi òru gbé èrò. Nígbà tí ọkọ̀ oníepo rẹ̀ ṣàárẹ̀, ó ra ọkọ̀ oníná mànàmáná àlòkù kan. Onílé kò tíì gbà kí wọ́n kan àpótí ìgbaná, tí ń rọ iná sínú ọkọ̀, mọ́ ògiri fún un. Nítorí náà ni Oyèbánjí ṣe fa iná láti ilé ìdáná gba ojú fèrèsé jáde, ó fi kẹ̀kẹ́ wáyà mú un gùn, wáyà gígùn tí a wé mọ́ agbá róbótó, ó sì gbé e kalẹ̀ sábẹ́ fèrèsé, létí ọ̀nà kékeré tí òun àti aládùúgbò rẹ̀ jọ ń gbà wọlé. Ìwọ̀nba tí ó dé ìdí ọkọ̀ ló tú; ó fi ìyókù sílẹ̀ ní wíwé, nítorí kò fẹ́ kí wáyà fọ́n kálẹ̀ bí ìfun ẹran. Bí ó bá ti ibi iṣẹ́ dé lówùúrọ̀, yóò ki wáyà bọ ọkọ̀ lẹ́nu, yóò sì sùn. Ọkọ̀ náà ni oúnjẹ rẹ̀. Ọjọ́ tí ọkọ̀ kò bá yó, ilé kò yó.

Aládùúgbò yìí ni Olúfẹ́mi, díákónì ní ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì kan. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ kó kúrò ní Peckham, àwàdà sì ni oúnjẹ wọn.

"Bọ̀dá Oyè, ẹ kú ìrìn ẹsẹ̀ lásán o!"

"Díákónì Ariwo! Ṣé Ọlọ́run tiyín dití ni?"

Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ dé, Olúfẹ́mi yí i po, ó ní, "Ọkọ̀ tí kì í dún yìí, ẹ ṣọ́ ọ o." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí Oyèbánjí bẹ̀rẹ̀ sí jí lọ́sàn-án tí ó ń rí i pé ọkọ̀ kò yó, tí iná ti kú mọ́ ọn lẹ́nu, ọ̀rọ̀ náà padà wá sí i létí, ẹ̀rín ti kúrò nínú rẹ̀.

"Ta ló ń pa á?" ni ó bi Magdalene aya rẹ̀, tí ń fi òru tọ́jú àwọn arúgbó ní Dagenham.

"Ta ni yóò pa á? Ẹ̀rọ yẹn ni kò dára. Ẹ pe oníná kó wá wò ó."

"Ẹ̀rọ kì í jowú, Màmá Wúrà. Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà."

"Ẹ̀yin àti òwe! Ṣebí ẹnu ń bẹ, ẹ bi Olúfẹ́mi léèrè."

Kò bi í. Ẹ̀yìn kọ́tìnnì ló lọ dúró sí. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ó rí Olúfẹ́mi tí ó bẹ̀rẹ̀, tí ó fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́ wáyà, tí ó tètè fa ọwọ́ padà, tí ó wo ojú fèrèsé bí ẹni tí ó fẹ́ kanlẹ̀kùn, tí ó sì bá tirẹ̀ lọ. Oyèbánjí ní ojú olè nìyẹn. Láti ọjọ́ náà kò jẹ́ ìkíni rẹ̀ mọ́. Bí Olúfẹ́mi bá ní "Ẹ káàárọ̀ o," ojú ọ̀run ni yóò máa wò. Olúfẹ́mi kí i títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ẹni tí a kí tí kò jẹ́, àwa kì í lọ kanlẹ̀kùn rẹ̀.

Oyèbánjí wá fi rọ́ọ̀gì àtijọ́ bo kẹ̀kẹ́ wáyà, ó da abọ́ ńlá dé e, ó gbé òkúta lé e. Ṣe ni iná tún wá ń tètè kú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ó wí nínú ara rẹ̀ pé, "Ọwọ́ ọ̀tá ti gùn sí i." Ó lọ sí ọjà East Street ní Barking, ó ra kẹ̀kẹ́ wáyà òmíràn tí kò ní orúkọ ẹni tó ṣe é lára. Ẹni tó tà á búra fún un pé, "Eléyìí kì í kú láéláé, Dádì." Ó bo ìyẹn náà dáadáa. Láti ọjọ́ náà ni ọkọ̀ ti ń yó dénú.

Ní Ọjọ́ Ìsinmi ó bọ́ síwájú ìjọ, ó jẹ́rìí: "Mo bo ohun mi mọ́lẹ̀, ojú ọ̀tá sì fọ́!" Ìjọ hó yèè. Magdalene nìkan ni kò hó.

Kò pẹ́ rárá. Oyèbánjí sùn lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ni ìró ẹni tí ń lu fèrèsé jí i.

"Bọ̀dá Oyè! Ẹ dìde! Iná o!"

Ohùn ẹni tí ń ké ni ó gbọ́, kò gbọ́ ohun tí ó ń ké. Ó fa kọ́tìnnì, ó rí Olúfẹ́mi tí ó fi igi ìgbálẹ̀ ti abọ́ dànù, tí ó ń fa wáyà. Ó sáré jáde, ó gbá a lọ́rùn aṣọ mú.

"Ọwọ́ tẹ̀ ọ́ lónìí!"

"Ẹ fi mí sílẹ̀, ó ń jó!"

"Ìwọ náà lo tiná bọ̀ ọ́!"

Ibi tí wọ́n ti ń fa ara wọn ni rọ́ọ̀gì ti gbiná lójú wọn kedere. Ọwọ́ lásán ni Olúfẹ́mi fi wọ́ kẹ̀kẹ́ wáyà kúrò lábẹ́ fèrèsé. Ike tí ó ti yọ́ sì lẹ̀ mọ́ ọn látẹ́lẹwọ́. Magdalene, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ibi iṣẹ́ dé, gba ẹ̀yìn wọlé, ó pa iná gbogbo ilé láti ìdí mítà, ó sì pe panápaná. Kọ́tìnnì jó, férémù fèrèsé jó. Ohunkóhun kò ṣe ọkọ̀.

Obìnrin tí ó ṣáájú àwọn panápaná gbé àjókù kẹ̀kẹ́ náà sókè. Ó ní wáyà tí a wé, tí iná ńlá ń gbà kọjá fún wákàtí púpọ̀, ara rẹ̀ ni yóò máa sè. Bí a bá tún wá bò ó, kò ríbi mí. Magdalene gbé ti àkọ́kọ́ wá láti ẹ̀yìn ilé. Obìnrin náà fi bọ́tìnnì kékeré kan hàn án lára rẹ̀, irú èyí tí kò sí lára èkejì tí ó jó.

"Bí ó bá ti gbóná jù, òun fúnra rẹ̀ ni yóò pa ara rẹ̀. Ohun tí ń gbà yín là nìyí. Ta ló bò ó?"

Oyèbánjí kẹ̀yìn sí i. Ó lọ bá Olúfẹ́mi níbi tí ó jókòó sí, tí ó na ọwọ́ sábẹ́ omi ẹ̀rọ.

"Kí lo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ṣe nídìí wáyà lọ́jọ́sí?"

"Mo fọwọ́ kàn án, ó gbóná bí ìkòkò orí iná. Mo fẹ́ sọ fún yín. Nígbà tó di ọjọ́ kejì mo kí yín, ẹ ò dáhùn. Mo tún kí yín. Ẹni tí ò jẹ́ mi lóhùn, kí n wá máa bá a sọ̀rọ̀ wáyà?"

"Ìwọ ò yọ wáyà náà rí?"

Olúfẹ́mi wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀kan. Ọjọ́ tó ń rùn. Mo yọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan."

Oyèbánjí mi orí bí ẹni tí a dá díẹ̀ nínú ẹrù rẹ̀ padà fún, tí kò sì mọ ohun tí yóò fi ṣe.

Onílé tún fèrèsé ṣe, ó sì gbà kí oníná tí ó kọ́ṣẹ́ kan àpótí ìgbaná mọ́ ògiri. Oyèbánjí padà síwájú ìjọ, ó ní òun kó ẹ̀rí òun jẹ. Inú àwọn kan kò dùn sí i. Ó ṣì ń gbé èrò. Magdalene ti bọ́ sí iṣẹ́ ọ̀sán. Ọwọ́ Olúfẹ́mi san, àfi ìka méjì tí kò ká délẹ̀ mọ́. Kí ọdún tó yí, ó kó aya àtọmọ rẹ̀ lọ sí Eastbrook. Tọkọtaya kan láti Bangladesh ló ń gbé ilé tí ó fi sílẹ̀ báyìí. Oyèbánjí kò tíì mọ orúkọ wọn.