Ta Ni Yóò Mú Máìkì?

"Kí ni à ń pe èyí?" Tíṣà Callum na àwòrán àfonífojì kan sókè.

Bun-rye mọ̀ ọ́n. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ti dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, ó ń tún un ṣe kó lè jáde pẹ̀lú ẹ̀yẹ, ni Ìyá So-dam bá ké e láti ẹ̀yìn bí ẹni tó ń lé adìyẹ.

"Ó dára gan-an!" ni tíṣà wí.

Bun-rye yíjú, ó wo obìnrin náà tìkà-tẹ̀gbin. Mi-ja ni orúkọ rẹ̀, onídìrí ni lójú ọ̀nà ọjà, ṣùgbọ́n orúkọ ọmọ ni wọ́n fi ń pè é, bí wọ́n ṣe ń pe Bun-rye náà ní Ìyá Gyeong-hun. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì tí wọn yóò fi máa mú àlejò wo odò Namhan, kò sí ibi tí Bun-rye sáré dé tí kò bá Ìyá So-dam níbẹ̀.

Tíṣà bọ́ sórí gírámà. "Nǹkan méjì ṣẹlẹ̀ láná, àmọ́ ọ̀kan ti parí kí èkejì tó bẹ̀rẹ̀. Bíi: kí n tó dé ibùdókọ̀, ọkọ̀ ti lọ."

"Obìnrin yìí gan-an nìyẹn," Bun-rye kùn. "Kí n tó lanu, ó ti jẹun tán."

Nígbà tí kíláàsì fẹ́ parí, tíṣà ní, "Àwọn àlejò àkọ́kọ́ ń bọ̀ ní Sátidé. Ẹnì kan ni yóò mú máìkì lórí ọkọ̀ ojú omi. Ìyá Gyeong-hun, ṣé ẹ máa ṣe é?"

Ọkàn Bun-rye fò. Ohun tó ti ń lá lálàá láti ìgbà tí òdòdó ti yọ nìyí! Ṣùgbọ́n ṣé báyìí ni ọmọlúàbí ṣe ń já nǹkan gbà? Ó ju ọwọ́ méjèèjì síwá sẹ́yìn. "Háà, rárá o! Èmi wo? Kí ni mo mọ̀?"

Ó wolẹ̀, ó ń retí ìpè kejì. Bó bá di ìpè kẹta, yóò mí kanlẹ̀, yóò gbà. Àkàrà ìrẹsì lásán, ta ló ń gbà á lọ́wọ́ èèyàn ní ìpè àkọ́kọ́?

"Kò burú," ni òyìnbó wí. "Ìyá So-dam ńkọ́?"

"Mo gbà!"

Ohùn rẹ̀ ròkè gan-an! Ọ̀gbẹ́ni Bong tó ń ta gáàsì, tó máa ń sùn láti ìbẹ̀rẹ̀ kíláàsì dé òpin, ta jí.

Lọ́jọ́ kejì, adìyẹ oní-áyù tí Bun-rye ń dín fún títà jóná lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti ilé ìtajà rẹ̀, ó gbọ̀nà ṣọ́ọ̀bù Ìyá So-dam lọ, èébú ti kún ẹnu rẹ̀ fọ́fọ́. Ó wọlé, ó bá oníbàárà méjì. Ìtìjú mú un.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàbọ̀! Ṣé irun ni?"

"Irun ni," ni Bun-rye fi ìbínú dáhùn.

Kó tó mọ̀, rólà ti kún orí rẹ̀ bí ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ nídìí ọmú, oògùn tí ń ká irun kò sì ń ta á nímú. Àwọn oníbàárà lọ. Kò ṣeé sá mọ́.

"O gba ohun tí mo fẹ́," ó bú jáde.

"Ṣebí ẹ ní ẹ ò fẹ́?"

"Ṣé bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń sọ ni? Òyìnbó ò mọ̀, ìwọ náà ò mọ̀?"

"Mo mọ̀." Ìyá So-dam ń tún rólà kan tì. "Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ ẹ. Ìdí tí mo fi tètè já a gbà nìyẹn."

Bun-rye fẹ́ fò dìde. Ìyá So-dam fi ọwọ́ kan tẹ̀ ẹ́ padà.

"Ẹ jókòó, oògùn á wọ̀ yín lójú. Ẹ̀gbọ́n, mò ń jowú yín. Ọmọ ọlọ́kọ̀ ojú omi ni yín. Ẹ mọ gbogbo àpáta, ẹ mọ ibi tí omi ti jìn. Abúlé yín wà lábẹ́ omi dámù tí wọ́n fi dí odò yẹn. Èmi, ìyàwó tí wọ́n gbé wá lẹ́yìn tí omi ti bo gbogbo rẹ̀ ni mí. Gírámà òyìnbó yẹn, mo mọ̀ ọ́n bí orúkọ mi. Kí omi tó dé, kí omi tó dé... Kí ni kí n wá fi sí i? N kò ní nǹkan kan níbẹ̀."

Ta ni èèyàn ń jowú rẹ̀, tó tún ń jowú ẹni? Bun-rye wo ojú obìnrin náà nínú dígí, ó wo orí tirẹ̀ náà, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e.

"Mo fẹ́ máìkì yẹn," ó wí. Ó yà á lẹ́nu bí ọ̀rọ̀ náà ṣe kúrú tó.

"Èmi náà fẹ́ ẹ."

"Wàá jókòó tì mí. Bí mo bá kó àná pọ̀ mọ́ ìjẹrin, fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi."

"Tí àlejò bá wá bi mí pé kí ni mo mọ̀ nípa abúlé yín ńkọ́?"

Bun-rye di ojú. Kò sọ ìtàn abúlé náà fún ọmọ rẹ̀ pàápàá rí.

"Kí omi tó dé," ó bẹ̀rẹ̀ ní èdè tiwọn, "bàbá mi ti so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ òpó iyàrá wa. Ó ní bí ìjọba bá fẹ́ kó òun kúrò, kí wọ́n wá fi ọkọ̀ gbé òun lórí ibùsùn òun."

Ìyá So-dam pa rédíò, ó fa àga sún mọ́ ọn.