Ìpè Ẹni Tí A Kò Rí Ojú Rẹ̀

Ẹ̀rù ló sọ Màríàm di eléhàá, kì í ṣe ẹ̀sìn. Ní Òsì-Èkìtì tí wọ́n bí i sí, ìborùn lásán ló máa ń dà borí lọ sí mọ́ṣáláṣí, gbogbo ọjà ló sì mọ ẹ̀rín rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Fẹ́sì, ìlú olódi àtayébáyé tó wà ní ilẹ̀ Mòrókò, aṣọ dúdú ló fi ń bo ara láti orí dé ẹsẹ̀, ẹyinjú rẹ̀ nìkan ló kù síta. Ìwé ìgbélùú òun àti ọkọ rẹ̀ ti kọjá àsìkò. Lọ́dún 2005 yẹn, ìròyìn tó ń jà ràn-ìn láàárín àwọn ará wa níbẹ̀ ni pé wọ́n ń ṣa àwọn aláwọ̀ dúdú tí kò ní ìwé lójú pópó, wọ́n sì ń kó wọn lọ dà sí aginjù. Ta ni yóò gbọ́ irú ìyẹn tí kò ní bojú?

Sọ̀fíyù ọkọ rẹ̀, ọmọ Ìkọ̀lé, ló mú un débẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó máa mú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Tìjáníyà tó bá ti Nàìjíríà wá lọ sí ibojì Ṣéèù tó dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀, tó wà níbẹ̀ ní Fẹ́sì. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí mò ń wí yìí, ó ti lọ pàdé àlejò ní Kasabláńkà, oúnjẹ sì ti tán nílé. Màríàm di ọwọ́ Rùkáyàt mú, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ọmọ ọdún mẹ́fà, wọ́n jáde lọ ra ìyẹ̀fun.

“Rántí ohun tí ìyá àgbà wí,” ó sọ fún ọmọ náà lẹ́nu ọ̀nà, bó ṣe máa ń sọ ọ́ nígbà gbogbo.

Ohun tí ìyá àgbà, ìyá tó bí Màríàm, wí kò pọ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kúrò ní Òsì, ó fa Rùkáyàt mọ́ra nídìí ààrò, ó ní: “Bí an bá pè ọ́, tí o mé rí ojú ẹni tó pè ọ́, mọ́ jẹ́ o! Bó ṣe ohùn ìyé rẹ gan-an ni, mọ́ jẹ́. Rí ojú ná.” Ìyá àgbà mọ ohun tó rí. Lójú ọ̀nà oko Ifisin ni àbúrò tirẹ̀ ti jẹ́ ìpè kan nígbà tí wọ́n wà léwe. Kò sẹ́ni tó pè é. Ibà dé, iṣu tuntun ọdún náà kò bá ọmọ náà láyé. Ẹ lè sọ pé ìgbàgbọ́ àwọn ará oko nìyẹn. Ó dáa, kí ẹ̀yin náà dá wà lóko kí ẹ jẹ́ ìpè kan, ká wò ó.

Rùkáyàt pa òfin náà mọ́ ju bó ṣe pa súrà tí wọ́n kọ́ ọ mọ́ lọ. Bí Màríàm bá pè é láti ibi ìdáná, kò ní fọhùn títí tí ìyá rẹ̀ yóò fi yọ ojú sí i. Nígbà náà ni yóò tó sáré wá. Sọ̀fíyù a máa fi rẹ́rìn-ín.

Àwọn ọ̀nà Fẹ́sì tóóró, ẹni méjì tó bá sanra kò lè kọjá lára wọn. Wọ́n ti dé àdúgbò àwọn aláró, níbi tí wọ́n ń to àpò òwú sẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n tó gbọ́ “Bàlákì! Bàlákì!”, igbe àwọn tó ń da ìbaaka pé kí ènìyàn yà. Ìbaaka kan já lù wọ́n pẹ̀lú ẹrù awọ tútù lẹ́yìn. Màríàm fẹ̀yìn ti ògiri. Ọwọ́ ọmọ yọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ìbaaka kọjá tán, kò rí Rùkáyàt mọ́.

“Rùkáyàt!” Ó sáré dé orígun ọ̀nà, ó sáré padà. “Rùkáyàt o! Èmi ni, ìyé rẹ ni!” Àwọn obìnrin àdúgbò, tí wọ́n bojú bíi tirẹ̀, gba orúkọ náà lẹ́nu rẹ̀, wọ́n ń pè é káàkiri. Lójú inú, Màríàm ti rí ọmọ rẹ̀ nínú ọkọ̀ àwọn tó ń kó ènìyàn lọ sí aginjù, ó ti rí i lọ́wọ́ ajọ́mọgbé. Ẹ̀rù bà á débi pé kò mọ̀ pé èdè Òsì lòun ń sọ sí àwọn Lárúbáwá.

Ọlọ́pàá kan wà ní orígun. Ó ti ju sìgá tó ń fà dànù, ó ń wo obìnrin aláṣọ dúdú tó ń sáré. Màríàm yí ẹ̀yìn sí i, ó tẹ ohùn mọ́lẹ̀, ó tún pe ọmọ náà.

Ibi tó ti ń pè é yìí ni ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ ti sọ sí i lọ́kàn. Bó ṣe ohùn ìyé rẹ gan-an ni. Àbí ọmọ náà wà nítòsí? Àbí ó ti ń gbọ́ látìgbà náà, ó kàn ń wo àwọn aláṣọ dúdú tó ń ké orúkọ rẹ̀, tí kò sì rí ojú ẹnì kankan? Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn àgbà wa wí bẹ́ẹ̀. Òun ló sì gbé ojú pa mọ́.

Ó wo ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá ń wò ó. Màríàm gbé ọwọ́ sókè, ó tú ìbòjú náà, ó jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀. Ojú dúdú ọmọ Òsì yọ sí gbangba lójú gbogbo ọjà.

Kò pe ẹnikẹ́ni mọ́. Ó kàn dúró, ó ń yí ojú náà síbí sọ́hùn-ún.

Láàárín àpò òwú méjì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó ti kọjá lẹ́ẹ̀mẹrin, orí kékeré kan yọ. Òwú wà lára gbogbo irun rẹ̀. Rùkáyàt tẹjú mọ́ ọn dáadáa ná, lẹ́yìn náà ló sáré wá dì mọ́ ọn ní ìbàdí.

“Mo ń gbọ́ yín,” ó ní. “Mo kàn ń retí ojú ni.”

Màríàm fẹ́ sunkún, kò ráyè. Ó gbá ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, ó kọ orí sí ọ̀nà ilé, kò sì bẹ̀rẹ̀ mú aṣọ tó wà nílẹ̀. Wọn kò tíì jìnnà tí ohùn ọkùnrin kan fi dún lẹ́yìn wọn.

“Màdáàmù!”

Bàtà líle ń bọ̀ lórí òkúta. Ohùn náà tún dún, ó sún mọ́ wọn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọrùn Màríàm ti fẹ́ yí padà. Ọwọ́ kékeré fún ọwọ́ rẹ̀ mọ́ra pinpin.

“Ìyé mi, ẹ mọ́ jẹ́ o,” Rùkáyàt sọ wúyẹ́wúyẹ́. “Ẹ mé tíì rí ojú rẹ̀.”

Màríàm kò jẹ́. Wọ́n ń lọ.