Ta Ni Obìnrin Yẹn?

Tíṣà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú u. Yàrá kan lókè ilé ìtẹ̀wé ló ti ń kọ́ àwọn àgbà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì nírọ̀lẹ́, nígbà tí wọ́n bá jáde níbi iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wà lára wọn, ọmọ ìyá rẹ̀ gan-an, tó ń gbálẹ̀ nílé ìwòsàn. Ẹ̀gbọ́n yìí ló fọṣọ aláṣọ títí ọwọ́ fi bó kí àbúrò lè kàwé.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n kọ́kọ́ ní òun fẹ́ wá, Tíṣà fà á wọ ilé ìdáná. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ọmọ ìyá ni wá o. Wọ́n á ní mò ń ṣojúsàájú."

Irọ́ ni. Aṣọ iṣẹ́ tí ẹ̀gbọ́n máa ń wọ̀ bọ̀ láti ilé ìwòsàn ló ń tì í lójú. Ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ wọn ń wá ẹni tí yóò gbé lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ọ̀sán, ibi tí àwọn ọmọ ènìyàn ńláńlá wà, Tíṣà kò sì fẹ́ kí ohunkóhun ba àǹfààní náà jẹ́ fún òun. Ẹ̀gbọ́n wò ó títí. Ó ní, "Kò burú."

Ìrọ̀lẹ́ tí ọ̀gá àgbà wá wo kíláàsì, ìbéèrè ni wọ́n ń kọ́.

Tíṣà ní, "Tó bá jẹ́ ènìyàn lẹ fẹ́ mọ̀, *who* ni. Tí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n mú ọ̀kan nínú àwọn tó wà níwájú yín, *which* ni, ìbáà jẹ́ ènìyàn, ìbáà jẹ́ nǹkan."

Káfíńtà kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, nawọ́ sókè. "Tíṣà, ìyàwó kan ṣoṣo ni mo ní o. Tó bá gbọ́ *which* lẹ́nu mi, ìta ni n ó sùn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá àgbà náà rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n bi ara wọn ní ìbéèrè kí òun gbọ́. Káfíńtà bá nàka sí Tíṣà, ó kọjú sí ẹ̀gbọ́n: "Who is that woman?"

Ẹ̀gbọ́n dìde, ó tún ọrùn aṣọ rẹ̀ ṣe. Ẹnu rẹ̀ ni Tíṣà ń wò.

"She is our teacher."

Orí ọ̀gá àgbà wú. Òun fúnra rẹ̀ wá bi í, díẹ̀díẹ̀, lédè Gẹ̀ẹ́sì, pé èwo nínú àwọn tó wà nínú yàrá yìí ló ti mọ̀ rí kó tó wá síbí. Ẹ̀gbọ́n wo ojú gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kan ojú Tíṣà, ó kọjá.

"None of them, sir."

Gbólóhùn kan péré ni Tíṣà ìbá sọ, pé ẹ̀gbọ́n òun ni. Ó la ẹnu lóòótọ́. Ohun tó jáde ni, "Ó gbà á! Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un."

Fún un! Ẹni tó fi ẹ̀yìn pọ̀n ọ́ dàgbà! Ohùn ara rẹ̀ korò létí ara rẹ̀, ṣùgbọ́n àtẹ́wọ́ ti gba yàrá kan. Ọ̀gá àgbà bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní kó wá sí ilé ẹ̀kọ́ ọ̀sán lọ́jọ́ Ajé. Tíṣà dúpẹ́, kò sì rí adùn kankan nínú ọpẹ́ náà. Bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n. Ó mọ òwe náà, ó sì ti fi bá ẹlòmíràn wí rí.

Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, ó bá ẹ̀gbọ́n lórí àtẹ̀gùn. Ojú ń tì í, ọkàn rẹ̀ ń dá a lẹ́bi, kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀. Ó nawọ́ sí báàgì ẹ̀gbọ́n.

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé e."

Ẹ̀gbọ́n mú báàgì bọ́ sí ọwọ́ kejì, ó sún mọ́ ògiri kó lè fún un lọ́nà.

"Ẹ máa lọ níwájú, Tíṣà."

"Ẹ̀gbọ́n mi, kò sẹ́nikẹ́ni níbí mọ́."

"Mo mọ̀," ni ẹ̀gbọ́n wí, kò sì kúrò lára ògiri.