Jẹ́-Ó-Mí

Jẹ́-ó-mí ni gbogbo oníjẹnẹrétọ̀ ń pe Làsísì mẹkáníìkì láti Agége dé Ọgbà. Ẹ́ńjìnnì ńlá oní-dísù tó bá ti ní asẹ́ lójú ọ̀nà èéfín, èyí tó ń gba màjàlà dúró, ẹ̀sín ni lójú ẹ̀. "Ta ló ní kí wọ́n fún ẹ́ńjìnnì lọ́rùn? Ẹ jẹ́ ó mí!" Á mú òòlù, á fọ́ ìfun asẹ́ náà jáde bí ẹni fọ́ afárá oyin, á sì dá agolo òfìfo padà síbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe fún ilé iṣẹ́ onírọ́bà tó wà lẹ́yìn ilé ẹ̀. Ti ibẹ̀, ó tiẹ̀ fi páìpù lásán rọ́pò ẹ̀, ó sì gbé agolo náà wálé.

Ọdún méjì rèé. Fàúsát ìyàwó ẹ̀ ń mí bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Dókítà ò fi bò: "Kí èéfín yẹn kúrò, àbí kí ìyàwó yín kúrò níbẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a ó pàdánù wọn." Làsísì wá ilé títí dé Ìfàkọ̀-Ìjàyè. Gbogbo yàrá tó rí ló ní ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn ògiri, kò sì sí ọ̀kan tí òòlù ẹ̀ ò kàn.

Ló bá gba ilé iṣẹ́ náà lọ.

"Bàbá Jẹ́-ó-mí!" Olúwaníyì, ẹnjiníà ibẹ̀, ti ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ́ńjìnnì yín ń mí bí ẹṣin o!"

"Ẹnjiníà, ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká dá asẹ́ yẹn padà."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu ẹ̀. "Èwo? Èyí tẹ́ ẹ fọ́? Mo sọ fún yín lọ́jọ́ náà pé kò bàjẹ́. Mo ní ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ agbára, tí asẹ́ bá gbóná dáadáa, á fúnra ẹ̀ jó màjàlà inú ẹ̀ dànù. Ẹ ní ìwé ló ń dà mí láàmú."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Mo ti bẹ ọ̀gá kí wọ́n ra tuntun. Wọ́n ní ẹ́ńjìnnì ò ṣàìsàn, kí la fẹ́ ra oògùn fún?"

Nígbà tó délé, Fàúsát wà lójú fèrèsé, orí agolo yẹn ló jókòó lé. Òun ló ti sọ ọ́ di àpótí ìjókòó. Làsísì gbé e dìde pẹ̀lẹ́, ó gbé agolo náà sójú, ó yọjú wo inú ẹ̀. Ó rí ojú ọ̀run ní òdìkejì, kedere.

Lẹ́yìn ògiri, ẹ́ńjìnnì gbéra. Ohùn ẹ̀ já gaara, kò wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan.

"Bàbá Sùlíyá," Fàúsát mí, ó tún mí, "ẹ gbé e padà fún mi. Mi ò lè dúró."