Ìbò Tí Mejọ̀ Thirkell Dì

Mejọ̀ Aubrey Thirkell kò bẹ̀rù ìbọn, kò bẹ̀rù ẹṣin tó ń tàpá, ṣùgbọ́n bí Hester ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ti wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan báyìí, jìnnìjìnnì á bò ó. Hester ló tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wọn, kò sì tíì ṣíwọ́ títọ́ ọ. Nígbà tí aṣòfin Wexcombe, ìlú wọn, kú lójijì, Hester wúkọ́ nídìí tíì àárọ̀.

"Aubrey, ìwọ ló kàn."

"Èmi kẹ̀? Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni mo mọ̀ nínú òṣèlú?"

"Ta ló ní kí o mọ nǹkan kan? Wọ aṣọ ogun rẹ, kí o máa rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ sísọ kù sọ́wọ́ mi."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é. Ogun ńlá ò tíì tán lọ́kàn aráàlú, àmì-ẹ̀yẹ sì pọ̀ láyà Mejọ̀. Wọ́n dìbò fún un yàà.

Ní ilé aṣòfin ní London, ó ń jókòó bí àlejò tó ṣi ilé wọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Wọ́n ń jiyàn lórí owó orí ṣúgà, ooru ń mú Mejọ̀, ló bá dìde kó lọ ṣí fèrèsé. Olórí ilé rò pé ọ̀rọ̀ ló fẹ́ sọ, ó pe orúkọ rẹ̀. Gbogbo ilé yíjú sí i.

"Ẹ̀yin ọlọ́lá," ni Mejọ̀ wí, tí òógùn ń ṣàn lọ́rùn rẹ̀, "ooru yìí mà pọ̀ o."

"Òótọ́ ni! Òótọ́ ni!" Ẹgbẹ́ tirẹ̀ pariwo, ẹgbẹ́ alátakò náà pariwo. Kò sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n tíì fohùn ṣọ̀kan lé lórí tó bẹ́ẹ̀ lọ́dún náà.

Kò pẹ́ tí ìjọba fi ṣubú, wọ́n sì ní kí gbogbo orílẹ̀-èdè tún lọ dìbò. Lọ́tẹ̀ yìí, obìnrin ló dìde sí Mejọ̀: Omidan Gwenda Lovibond, tíṣà, ẹni tí ohùn rẹ̀ lè jí òkú. Hester ní kí àbúrò òun lọ síbi ìpàdé rẹ̀, kó jókòó níwájú, kó fajú ro.

Mejọ̀ lọ, ó fajú ro dáadáa. Àmọ́ nígbà tí omidan náà ń ṣàpèjúwe bí àwọn onílé àdúgbò Tanner Row ṣe ń gbowó ilé ju bí wọ́n ṣe ń tún òrùlé ṣe, ẹ̀rín pa á, ó sì gbàgbé ara rẹ̀, ó pàtẹ́wọ́.

"Mejọ̀!" Omidan nawọ́ sí i. "Ṣé ẹ tilẹ̀ ti dé Tanner Row rí?"

"Rárá o, mi ò débẹ̀ rí."

"Ó dáa, ẹ dìde ńlẹ̀ ká lọ!"

Gbogbo èrò tú jáde sínú òjò. Ilé àkọ́kọ́ tí wọ́n wọ̀, ti Ìyá Gathercole ni, opó arúgbó kan. Ó fa àga fún Mejọ̀, òjò sì ń kán sí i lórí láti òrùlé.

"Ẹ sún sọ́tùn-ún díẹ̀, ọmọ mi. Àbí ẹ fẹ́ tún ìwẹ̀ wẹ̀ ni?"

Kí wọ́n tó mọ̀, Mejọ̀ ti bọ́ kóòtù, ó ti wà lórí òrùlé. Omidan Lovibond gun àkàbà tẹ̀ lé e, ó ń na òkúta pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń bo ilé sí i.

"Ẹ̀ ń kàn án sódì o, Mejọ̀!"

"Ẹ má kígbe mọ́ mi, màá já bọ́!"

"Ẹ já bọ́ o jàre, ìbò á dín kan!"

Ẹ̀rín gbé wọn méjèèjì débi pé wọ́n ní láti di símínì, ọ̀nà èéfín orí òrùlé, mú. Inú Mejọ̀ ò dùn tó báyẹn láti ìgbà tó ti dáyé.

Lọ́jọ́ ìbò, ó wọ ibi ìdìbò, ó fi àmì síwájú orúkọ kan, ó jáde, ó ń súfèé.

Nígbà tí wọ́n kéde pé Omidan Lovibond ló wọlé, ẹni tó kọ́kọ́ ju fìlà sókè ni Mejọ̀.

"Aubrey!" Hester di apá rẹ̀ mú. "Ta lo dìbò fún?"

"Òun náà ni, ẹ̀gbọ́n mi."

Hester wúkọ́. Ó tún wúkọ́. Ẹ̀rù ò ba Mejọ̀ rárá. Ó la èrò kọjá lọ bá aṣòfin tuntun.

"Omidan, mo ti di aláìníṣẹ́ o."

"Mo mọ̀. Èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ yín."

"Ó yẹ kí ẹ fi nǹkan míràn rọ́pò rẹ̀ fún mi. Ṣé ẹ lè fẹ́ mi?"

Ìtìjú mú Omidan Lovibond díẹ̀. Àwọn ará Tanner Row sì tẹ́tí.

"Màá fẹ́ yín," ló wí. "Àmọ́ ẹ ò ní fi àwọn àmì-ẹ̀yẹ yẹn sáyà lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ariwo wọn pọ̀ jù."

Ojú ẹsẹ̀ ni Mejọ̀ já wọn kúrò láyà, ó kó wọn sápò, ó gbá àfẹ́sọ́nà rẹ̀ lọ́wọ́ mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí jó láàárín títì láìsí orin.