Àwọ̀ Táyé

“Ìkejì ìyá mi dà?”

Tíṣà Peter Fábọ̀dé ló béèrè bẹ́ẹ̀. Ó dúró níwájú kánfáàsì tí Mùíbátù ṣẹ̀ṣẹ̀ ká aṣọ kúrò lójú rẹ̀, ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì, bí ẹni pé ẹni tó ń wá sá pamọ́ sẹ́yìn férémù. Ojú mẹ́rin ló wà lórí kánfáàsì náà, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Ojú ọmọdébìnrin kan náà ni gbogbo wọn. Ọ̀kan pupa fòò, ọ̀kan yẹ́lò, ọ̀kan búlúù, ọ̀kan gíríìnì bí ewé tútù.

Mùíbátù fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, ó lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri níbi tí wọ́n to igi férémù sí. Ó ti mọ̀ pé ọjọ́ yìí ń bọ̀.

“Tíṣà, ẹ jókòó ná,” ni Malikah wí. Malikah ló ni ṣọ́ọ̀bù náà, létí ọ̀nà Òṣogbo nínú Ìlobù níbí. Fọ́tò èèyàn ló máa ń gbà, á fi kọ̀ǹpútà sọ ọ́ di aláràbarà, èyí tí àwọn ọmọ ìwòyí ń pè ní pọ́ọ̀pù-áàtì, á tẹ̀ ẹ́ sórí kánfáàsì, oníbàárà á gbé e kọ́ sí pálọ̀ tàbí kó fi ta ẹlòmíràn lọ́rẹ. Mùíbátù ló ń na kánfáàsì mọ́ igi. Ó tó bí Malikah lọ́mọ, ṣùgbọ́n ọ̀gá lọ̀gá ń jẹ́. Kò jẹ́ gé òwú lásán láìkọ́kọ́ wo ojú ọmọ náà.

Tíṣà ò jókòó. “Èèyàn méjì ló wà nínú fọ́tò tí mo mú wá. Màmá mi àti Táyé. Mo ní kí ẹ kun màmá ní yẹ́lò, kí ẹ kun Táyé ní búlúù. Ṣé mi ò sọ bẹ́ẹ̀ ni?”

“Ẹ sọ bẹ́ẹ̀, sà. Àmọ́ ẹ wá wo fọ́tò yín.” Malikah fà á yọ nínú àpò ìwé. Fọ́tò dúdú-òun-funfun ni, etí rẹ̀ ti ká kò. Ọmọdébìnrin méjì jókòó ti ara wọn lórí bẹ́ǹṣì, wọn ò rẹ́rìn-ín. “Ẹ wo etí ọ̀tún ti èyí, kò sí yẹtí níbẹ̀. Ẹ wo tèkejì, kò sí yẹtí níbẹ̀ náà. Ẹ wo pínnì tí wọ́n fi há ọrùn aṣọ wọn, ọ̀nà kan náà ló gbà wọ́. Ẹni kan ni, sà. Onífọ́tò àtijọ́ yẹn ló ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Èmi wá yọ ọ̀kan dànù, mo sọ èyí tó kù di mẹ́rin. Èmi rò pé inú yín á dùn ni.”

“Ẹni kan?” Ohùn Tíṣà lọ sókè. “Ọmọbìnrin yìí, ṣé o mọ nǹkan tó ò ń sọ? Kí wọ́n tó bí mi ni fọ́tò yìí ti wà lára ògiri. Ojoojúmọ́ ni màmá mi ń nù ún. Tí wọ́n bá ń lọ sóko, wọn á kí i, ‘Táyé, mo ń bọ̀ o.’ Ara wọn ni wọ́n ń kí? Orí màmá mi ló dàrú?”

“Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ o, sà.”

“O sọ ọ́! Táyé ò ní fọ́tò mìíràn láyé yìí. Lọ́la ni màmá ń pé àádọ́rin ọdún. Mo ti sọ fún gbogbo ilé pé Táyé á wà níbẹ̀.”

Malikah yíjú sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. “Ìyá Jàlálù, ẹ ẹ̀ ṣe bá mi sọ̀rọ̀? Ẹ̀yin náà kúkú rí fọ́tò yẹn. Ṣé ẹni kan kọ́ ni?”

Mùíbátù di igi férémù kan mú.

Ó rí i. Láti ọ̀sẹ̀ méjì tí fọ́tò náà ti dé ló ti rí i. Ó yí i padà lọ́jọ́ náà, ó sì bá òǹtẹ̀ kékeré kan lẹ́yìn rẹ̀, tádàá rẹ̀ ti ń parẹ́ lọ. Ìwé mẹ́fà ni Mùíbátù kà, kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀wé, ṣùgbọ́n òǹtẹ̀ yẹn kì í ṣe ohun tó ń kà kó tó mọ̀ ọ́n. Òun ló máa ń fi tẹ ẹ̀yìn fọ́tò nígbà tó wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bàbá Dúrósinmí onífọ́tò, ní Ìfọ́n.

Ó la ẹnu lọ́jọ́ náà. Ó ní, “Ọ̀gá mi, fọ́tò yìí o...” Malikah dáhùn láìgbójú sókè pé, “Ẹ má da ara yín láàmú, Ìyá Jàlálù, kọ̀ǹpútà á tún un ṣe.” Ni Mùíbátù bá gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ mì bí ẹni gbé oògùn kíkorò mì.

Kí ló ń bà á lẹ́rù? Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni. Ìfọ́n ni wọ́n bí i sí, Ìlobù ló ti lọ́kọ, ọkọ náà sì ti kú. Láti ìgbà tí wàhálà ilẹ̀ ti dé láàárín ìlú méjèèjì, tí ilé jó níbí tó sì jó lọ́hùn-ún, tí wọ́n sunkún níhìn-ín tí wọ́n sì sunkún lọ́hùn-ún, kò dárúkọ Ìfọ́n mọ́. Ìyá Jàlálù ni gbogbo ayé ń pè é, ó tó bẹ́ẹ̀. Tí oníbàárà bá wọlé tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ “àwọn ará ọ̀hún,” òòlù ọwọ́ rẹ̀ ni yóò máa fi lu ìṣó kíkankíkan. Tíṣà yìí gan-an, ilé àbúrò bàbá rẹ̀ wà lára èyí tó jó. Tí òun bá wá sọ ohun tí òun mọ̀ nípa fọ́tò, wọn á bi òun pé níbo lo ti mọ̀ ọ́n.

“Ìyá Jàlálù!”

Mùíbátù wo Malikah. Omi ti dé ojú ọmọ náà. Ó wo Tíṣà. Tíṣà ti di fọ́tò mú lọ́wọ́ méjèèjì bí ẹni tí wọ́n fẹ́ já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ Mùíbátù ló kọ́kọ́ gbọ́, ó kúnlẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ọ̀gá mi ò parọ́. Màmá náà ò parọ́. Ẹni kan ló jókòó... àmọ́ àwọn méjì ló wà nínú fọ́tò.”

“Báwo nìyẹn?”

“Tí ọ̀kan nínú ìbejì bá... bá lọ sí Èkó.” Ó dúró díẹ̀. Ojú Tíṣà fi hàn pé ó mọ irú Èkó tó ń wí: a kì í sọ pé ìbejì kú. “Tí kò bá ní fọ́tò kankan kó tó lọ, ìyá wọn á mú èyí tó kù tọ onífọ́tò lọ. Onífọ́tò á ya èyí tó wà nílé, á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí pépà kan ṣoṣo, á jẹ́ kí wọ́n jọ jókòó. Kò ṣèèṣì. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ṣebí ojú kan náà ni wọ́n ní.”

Tíṣà sún mọ́ Mùíbátù.

“Ta ló sọ èyí fún yín?”

Ó dé. Mùíbátù wo ilẹ̀. “Mo bá wọn ṣe é rí, sà. Lọ́dọ̀ ẹni tó ya fọ́tò yẹn gan-an. Ìfọ́n ni mo ti kọ́ṣẹ́. Ọmọ Ìfọ́n ni mí.”

Ọ̀kadà kan kọjá lóde, ariwo rẹ̀ lọ títí kó tó pòórá. Tíṣà yí fọ́tò padà, ó sún un mọ́ ojú, ó ka òǹtẹ̀ náà. Ó tún wo Mùíbátù lórí ìkúnlẹ̀ tó wà. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

“Ó túmọ̀ sí pé mi ò rí Táyé rí.”

“Ẹ ti rí i, sà. Ojú màmá yín lojú rẹ̀.”

Tíṣà mí kanlẹ̀. “Ẹ dìde. Ẹ gbé kánfáàsì yẹn. Ẹ ó bá mi délé, kí ẹ sọ ọ́ lójú màmá.”

“Èmi náà ń bọ̀,” ni Malikah sọ, ó ti ń wá kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù.

Ní ọ̀nà, Mùíbátù gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀ mọ́ra: òòlù, ẹ̀mú, abẹ. Nígbà tí wọ́n yà wọ agboolé Fábọ̀dé, ohun àkọ́kọ́ tó rí ni ilé kan tí kò ní òrùlé mọ́, tí èéfín ti sọ ojú fèrèsé rẹ̀ di dúdú. Ó yára gbé ojú kúrò níbẹ̀.

Màmá jókòó lórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà sínú igbá. Mùíbátù kúnlẹ̀, ó kí wọn, ó kí wọn kú ọjọ́ ìbí tó ń bọ̀, ó kí wọn kú iṣẹ́, kò fẹ́ kí ìkíni náà tán.

“O ṣeun, ọmọ mi. Peter, ta ni mo gbà lálejò báyìí? Kí lẹ tún gbé wá?”

Tíṣà jókòó tì wọ́n. Ó fẹ́ ṣàlàyé, kò mọ ibi tó máa gbé e gbà. Malikah bá gbé kánfáàsì náà dúró síwájú wọn.

Màmá dá ọwọ́ dúró lórí ẹ̀wà. Wọ́n wò ó. Wọ́n wò ó títí. Lẹ́yìn náà, wọ́n na ìka kan.

“Méjì ni wá. Ta wá ni àwọn méjì yìí?”

Tíṣà ló rọra sọ pé, “Bóyá Ìdòwú àti Àlàbá ni, màmá.”

“Irọ́ ni! Ìdòwú tí mo mọ̀, imú rẹ̀ fẹ̀ ju báyìí lọ.”

Malikah bú sẹ́rìn-ín kó tó rántí pé ó yẹ kí ẹ̀rù máa ba òun. Màmá náà rẹ́rìn-ín, èjìká wọn ń mì.

“Màmá,” ni Tíṣà wí, “ṣé ẹ mọ̀ pé nínú fọ́tò yẹn, Táyé kò...”

“Kí ni mi ò mọ̀? Ta ló jókòó?” Wọ́n tún ń ṣa ẹ̀wà lọ. “Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà, mi ò ya dìndìnrìn. Wọ́n ní Táyé lọ sí Èkó. Bàtà rẹ̀ wà nílé. Ta ní í lọ sí Èkó láìwọ bàtà? Àmọ́ mo rí ojú ìyá mi, mo ní, ‘Ó dáa, kó tètè dé.’ Ìyá mi ti di ọmọ ìjọ nígbà yẹn, kò lè ní kí wọ́n gbẹ́ ère ìbejì. Ló bá fà mí lọ́wọ́, ó di Ìfọ́n, ẹsẹ̀ la fi rìn ín. Ọ̀nà ni yẹtí mi kan ti já bọ́, mo sunkún títí. Bàbá onífọ́tò náà ò ní kí n má sunkún. Wọ́n kàn ní, ‘Sún díẹ̀, Kẹ́hìndé. Fàyè sílẹ̀ fún Táyé.’ Mo sì sún.”

“Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń sọ ọ́,” ni Mùíbátù wí. Ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀.

Màmá yíjú sí i. “O mọ̀ wọ́n?”

“Ọ̀gá mi ni wọ́n, màmá. Wọ́n ti lọ simi. Ìfọ́n ni... Ìfọ́n ni wọ́n bí mi sí.”

Ó wolẹ̀. Ó ń retí. Ó gbọ́ tí adìẹ kan ń họ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tó jó náà. Màmá wo apá ibẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n tún wo obìnrin tó wà lórí ìkúnlẹ̀. Wọ́n fi ìgbúnwọ́ ti ọmọ wọn.

“Peter, sún díẹ̀.”

Tíṣà sún.

“Dìde nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ọmọ mi. Wá jókòó.”

Mùíbátù jókòó sétí bẹ́ǹṣì. Kò fi gbogbo ìdí jókòó, ṣùgbọ́n ó jókòó. Màmá ti tún dojú kọ kánfáàsì.

“Pupa yẹn, ẹ gbé e kúrò. Táyé ò fẹ́ pupa rí. Aṣọ gíríìnì ló wà lọ́rùn rẹ̀ lọ́jọ́ tó lọ.” Wọ́n fọwọ́ kan ojú gíríìnì tó wà nísàlẹ̀, wọ́n ò tètè gbé ọwọ́ náà kúrò. “Òun nìyí. Ẹ jẹ́ kí èmi jẹ́ búlúù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ wò ó, Táyé ti ní àwọ̀ tirẹ̀.”

“Àwọn méjì tó kù ńkọ́, màmá?” ni Malikah béèrè.

“Ìdòwú oníyẹ́lò, kí Peter gbé e kọ́ sí pálọ̀ rẹ̀. Èyí pupa...” Màmá yíjú sí Mùíbátù. “Bàbá yẹn bímọ?”

“Wọ́n bímọ, màmá. Wọ́n wà ní Ìfọ́n.”

“Bá mi mú Àlàbá lọ fún wọn. Sọ pé Kẹ́hìndé tí bàbá wọn ní kó sún ló kí wọn.”

Ó ti tó ọdún kan tí Mùíbátù kò fẹsẹ̀ tẹ ọ̀nà Ìfọ́n. Ó dìde, ó tẹ́ ẹní sílẹ̀, ó da ojú kánfáàsì dé, ó sì fi ẹ̀mú fa àwọn ìṣó yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó mú abẹ.

“Ìyá Jàlálù,” ni Malikah wí, “ẹ rọra o, kánfáàsì ti tán ní ṣọ́ọ̀bù. Kò sí irú rẹ̀ mọ́.”

Mùíbátù ò wo ojú rẹ̀. Ó yí kánfáàsì padà, ó fi etí igi férémù ṣe rúlà, ó sì fa abẹ láti òsì bọ́ sí ọ̀tún. Búlúù àti gíríìnì jọ wà lápá kan, wọn kò pínyà.

“Kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́ dáadáa, màmá, màá ti na èyí mọ́ igi fún yín,” ló wí.

Ó wá gbé apá tó kù síwájú ara rẹ̀, yẹ́lò àti pupa. Ó di abẹ dání, ó ń wò wọ́n. Ó gé wọn kúrò lára ara wọn, ojú ìlà náà sì tọ́. Ó gbé yẹ́lò fún Tíṣà. Ó ká pupa jẹ́jẹ́, ó fi òwú dì í, ó sì tì í sínú àpò ara rẹ̀.