Àfojúsùn Tí Ìyá Gírámà Kò Kà

Kò sí olùkọ́ tó mọ ìwé gírámà tó Ìyá Gírámà. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti fi ń kọ́ ọ. Á ní kí àwọn ọmọ ṣí ojú ìwé kan, òun á sì máa sọ ohun tó wà níbẹ̀ láìwo ìwé. Wọ́n rò pé làákàyè ló pọ̀. Wọn ò mọ̀ pé ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì láti ọdún méjì, pé bí èèrà ni lẹ́tà ṣe ń rìn lójú rẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọdún mẹ́rin ló kù kó fẹ̀yìn tì, ó sì rí bí wọ́n ṣe rọra ti olùkọ́ eré ìdárayá síta nígbà tí orúnkún rẹ̀ bàjẹ́.

Nígbà tí wọ́n gbé pátákó oníná, èyí tí wọ́n ń fi ìka tẹ̀ bíi fóònù, wá sí kíláàsì, ọ̀gá àgbà ní kí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan kọ àfojúsùn rẹ̀ sílẹ̀, ohun tó máa fi pátákó náà ṣe kí sáà tó parí. Ìyá Gírámà mú fọ́ọ̀mù náà lọ bá ọmọ rẹ̀ obìnrin nílé.

"Bá mi kọ ọ́. Ọwọ́ ń dùn mí."

"Kí ni kí n kọ, Màmá?"

"Ohun tó bá ṣáà ti dáa."

Ọmọ kọ ọ́, ìyá buwọ́ lù ú. Kò ní kó kà á sétí òun, kó má baà bi í pé kí ló dé.

Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀gá àgbà gbé ìwé náà sókè nípàdé. "Ẹ gbọ́ ohun tí Ìyá wa kọ: 'Màá kọ́ gbogbo olùkọ́ ẹgbẹ́ mi bí a ṣe ń lo pátákó oníná.' Àgbà ò ní tán nílé wa o! Mà, ọjọ́ Ẹtì la máa bẹ̀rẹ̀."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìyá náà bá wọn pàtẹ́wọ́. Tó bá ní òun kọ́ lòun kọ ọ́, wọ́n á béèrè ìdí. Tó bá dákẹ́, ọjọ́ Ẹtì ń bọ̀. Iwájú ò ṣeé lọ, ẹ̀yìn ò ṣeé padà sí.

Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, ọmọ rẹ̀ ń fi ibi tó máa tẹ̀ hàn án lórí kọ̀ǹpútà: apá òsì lókè, lẹ́yìn náà àárín, lẹ́yìn náà ìsàlẹ̀. Ó há a sórí bí ẹni há gírámà.

"Màmá, àbí ẹ ò rí i ni?"

"Mo rí i."

Nígbà tí ọjọ́ Ẹtì pé, olùkọ́ mẹ́rìnlá jókòó, ọ̀gá àgbà náà wà níbẹ̀. Ó tẹ òkè, pátákó tàn. Ó tẹ àárín, ó tún gbà. Lójijì, nǹkan funfun kan yọ sójú pátákó, èyí tí kò sí nínú ohun tó há sórí.

Olùkọ́ ìṣirò rọra sọ̀rọ̀. "Mà, ó ń bi yín ní ìbéèrè ni. Ẹ kà á."

Ìyá sún mọ́ pátákó náà. Ó ń gbọ́ fáànù tó ń yí lókè. Ilẹ̀kùn ò jìnnà, ṣùgbọ́n kò dá a lójú bóyá àga wà láàárín.

"Mi ò lè kà á," ló sọ nígbẹ̀yìn. "Ojú mi ni. Ó ti lé lọ́dún méjì."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá àgbà ní kí àwọn yòókù jáde, ó fa àga, ó jókòó tì í. Kò bá a wí, ìyẹn gan-an ló dùn ún jù.

"Mà, mi ò lè jẹ́ kẹ́ ẹ padà sí kíláàsì láìrí dókítà."

"Ṣé wọ́n máa lé mi ni?"

"Mi ò mọ̀, Mà. Mi ò fẹ́ parọ́ fún yín."

Dókítà tan iná sí i lójú títí. Ó ní ìríran tó ti lọ ti lọ, pé oògùn tí wọ́n ń kán sójú á di ìyókù mú. "Ká ní ẹ ti tètè wá..."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, lẹ́tà dé láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́. Ọmọ rẹ̀ kà á sókè: kó máa kọ́ni lọ, kí olùkọ́ kan máa ràn án lọ́wọ́, títí di ìparí ọdún.

"Kí ni wọ́n wá sọ nípa àwọn ọdún tó kù kí n fẹ̀yìn tì?" ìyá béèrè.

Ọmọ náà yí ìwé sẹ́yìn, ó yí i síwájú.

"Ó parí síbẹ̀ ni, Màmá."

"Tún un kà."